Ìgbà Wo Ló Ń Gbóná?

Ìgànná,
Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìwájọ̀wà,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Ohùn tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, mo gbọ́ ọ, mo sì tún un gbọ́. O ní mẹkáníìkì tó wà nítòsí ilé rẹ n'Ìbàdàn ní kí o lọ wá owó wá, pé gásíkẹ́ẹ̀tì ti jó, òun fẹ́ tú tọ́ọ̀pù sìlíńdà. O ní ó tún sọ pé òun á kọ́kọ́ yọ tẹ̀mọ̀sítáàtì dànù ná kí ọkọ̀ lè máa tutù. O wá bi mí pé ṣé kí o san án. Má tíì san kọ́bọ̀. Ka lẹ́tà yìí tán nínú ilé, lẹ́yìn náà kí o lọ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, kí o tún un kà níbẹ̀. Mo lè fi fóònù sọ ọ́ fún ọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu a máa fò lọ, mo sì fẹ́ kí èyí wà lọ́wọ́ rẹ lọ́jọ́ tí o bá pè mí tí kò wọlé.

Nínú ohùn rẹ yẹn, o ti dáhùn ìbéèrè tó yẹ kí ọkùnrin náà kọ́kọ́ bi ọ́, o kàn sọ ọ́ kọjá ni. O ní nígbà tí o ń bọ̀ wálé, ọkọ̀ gbóná díẹ̀ nínú gósíló Ọ̀jọ́ò. O kọjá Mónìyà, o bọ́ sí ọ̀nà Ìsẹ́yìn, o ń sáré, abẹ́rẹ́ gééjì ooru sì wálẹ̀, kò kọjá àárín títí o fi wọ Ìsẹ́yìn. O tilẹ̀ rò pé ọ̀rọ̀ náà ti tán. Àfi ìgbà tí o kúrò ní Òkèhò, tí o dé ibi tí ọ̀nà ti bàjẹ́, tí o ń yẹ kòtò kiri jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ni abẹ́rẹ́ bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, ó sì kù díẹ̀ kó kan pupa kí o tó rí ilé.

Ọmọ mi, Mónìyà sí Ìsẹ́yìn tó kìlómítà 65. Ẹ́ńjìnnì tí gásíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti jó kò ní sáré irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ lọ́sàn-án gangan, kó tún máa tutù sí i. Ọkọ̀ tó tutù nígbà tó ń sáré, tó wá gbóná nígbà tó ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, afẹ́fẹ́ ni kò rí. Fáànù ni kí a kọ́kọ́ fura sí. Gbogbo ọdún tí mo ti fi ń ṣe iṣẹ́ mẹkáníìkì, ìbéèrè tí mo máa ń kọ́kọ́ bi ẹni tó bá gbé ọkọ̀ gbígbóná wá ni pé: ìgbà wo ló ń gbóná? Ṣé nígbà tó dúró ni, àbí nígbà tó ń sáré? Ṣé lórí òkè ni? Ṣé kété tí o bá tan án láàárọ̀ ni? Ẹni tí kò bá bi ọ́ ní ìbéèrè yìí kó tó gbé sípánà, owó rẹ ló fẹ́ fi ṣe ìdánwò.

Jẹ́ kí n fi ìdí ọ̀rọ̀ hàn ọ́, torí mi ò fẹ́ kí o gbà mí gbọ́ kìkì nítorí pé èmi ni mo bí ọ. Bẹntiróòlù tó ń jó nínú sìlíńdà, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta agbára rẹ̀ ló ń di ìrìn ọkọ̀. Ìyókù, ooru ni. Apá kan ń bá èéfín gba sàláńsà jáde, apá kejì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìyẹn ń wọ inú irin. Iná inú sìlíńdà, nígbà tó bá ń gbiná, a máa gbóná ju ìwọ̀n Celsius 2,000 lọ. Àlùmíníọ̀mù tí wọ́n fi ṣe tọ́ọ̀pù sìlíńdà Corolla tìrẹ, ní 660 ló ń yọ́. Omi ni kò jẹ́ kó yọ́. Omi ń yí inú irin ká, ó ń kó ooru, pọ́ǹpù ń tì í lọ sínú rédíétọ̀ níwájú, afẹ́fẹ́ ń gba àárín àwọn irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ara rédíétọ̀ kọjá, omi á tutù, á tún padà lọ kó òmíràn. Nítorí náà omi gbọ́dọ̀ wà, omi náà gbọ́dọ̀ máa yí, afẹ́fẹ́ sì gbọ́dọ̀ máa kọjá. Ọkọ̀ tó bá ń gbóná, ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí ló sábà máa ń yẹ̀. Àwọn ìdí mìíràn wà, bíi kí ọ́ìlì lọ sílẹ̀ jù, tàbí kí búréèkì máa di táyà mú, tàbí kí iná púlọ́ọ̀gì máa pẹ́ kó tó ṣáná, ṣùgbọ́n wọn kò wọ́pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Bí o bá ń sá kìlómítà 80 ní wákàtí kan, afẹ́fẹ́ ọ̀nà fúnra rẹ̀ ló ń fẹ́ sí rédíétọ̀. Fáànù ì báà ti kú láti oṣù tó kọjá, o lè má mọ̀. Ṣùgbọ́n bí o bá dé ibi tí o ti ń wọ́ nílẹ̀ ní kìlómítà 15, tàbí tí o dúró gbọnrangandan nínú gósíló, afẹ́fẹ́ ọ̀nà ti tán nìyẹn, fáànù nìkan ló kù tó lè fà á wá. Ọ̀jọ́ò àti Òkèhò jìnnà síra wọn, ṣùgbọ́n lójú rédíétọ̀ ibì kan náà ni wọ́n.

Ohun tí o máa ṣe lọ́la nìyí, láàárọ̀, kí oòrùn tó mú. Gbé ọkọ̀ síbi tó tẹ́jú, tan án, kí o tan AC. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ó yẹ kí fáànù máa yí. Dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí o máa wò ó. Ká ìborùn rẹ kúrò lọ́rùn, má na ọwọ́ síbẹ̀ rárá, torí fáànù tó ń lo iná lè ṣàdédé yí lẹ́yìn tí o ti pa ẹ́ńjìnnì pàápàá, mo sì ti rí ọmọ iṣẹ́ tó gé níka. Lẹ́yìn náà, pa AC, jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ níbi tó dúró sí, kí o máa wo abẹ́rẹ́ gééjì. Bí abẹ́rẹ́ bá kọjá àárín díẹ̀ tí fáànù kò sì yí, pa ọkọ̀ náà, a ti rí ọ̀daràn.

Bí kò bá yí, réwáyà ni kí o pè, kì í ṣe mẹkáníìkì. Kí ó kọ́kọ́ wo fíúsì, torí òun ni owó rẹ̀ kéré jù. Lẹ́yìn náà kí ó fa iná tààrà láti bátìrì lọ sí mọ́tọ̀ fáànù. Bí fáànù bá yí, mọ́tọ̀ rẹ̀ ò kú, kí wọ́n lọ wá a sí rílèè tàbí sẹ́ńsọ̀ tó ń sọ fún un pé ooru ti pọ̀. Bí kò bá yí, mọ́tọ̀ ló kú, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Má jẹ́ kí ó so fáànù pọ̀ mọ́ swíìṣì kan tí o ó máa fọwọ́ tẹ̀, bí ọ̀pọ̀ wọn ṣe máa ń ṣe. Ọjọ́ tí ọkàn rẹ bá wà níbòmíràn ni o máa gbàgbé láti tẹ̀ ẹ́.

Bó bá yí, má tíì kúrò níbẹ̀. Mú bébà fẹ́lẹ́ kan, gbé e síwájú ọkọ̀, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé. Fáànù gbọ́dọ̀ fa bébà náà mọ́ra. Bó bá ń tì í dànù, a jẹ́ pé ẹni tó tún un so kẹ́yìn ti gbé wáyà méjèèjì gba ara wọn, fáànù ń yí sẹ́yìn, ó wá ń bá afẹ́fẹ́ ọ̀nà jà. Wo ike ńlá tó yí fáànù ká pẹ̀lú. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tòkunbọ̀, wọ́n ti yọ ọ́ jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nígbà tí wọ́n ń ṣe nǹkan mìíràn, wọn kò dá a padà, wọ́n rò pé ẹ̀ṣọ́ ni. Kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ni fáànù á ti máa fa afẹ́fẹ́, kò ní gba inú rédíétọ̀ kọjá.

Èyí tí mo fẹ́ kí o fara balẹ̀ wò jù ni iwájú rédíétọ̀ fúnra rẹ̀, nítorí mo mọ ilẹ̀ wa. Inú ọ̀dàn la wà. Láti Oṣù Kọkànlá tí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́, koríko á gbẹ, èso rẹ̀ á máa fò, eruku pupa á máa bá a rìn, gbogbo rẹ̀ ló sì ń wọ iwájú ọkọ̀ tó bá ń ná ọ̀nà yìí. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá dé, eruku yẹn á di amọ̀ nínú ihò rédíétọ̀, oòrùn á sì sun ún gbẹ. Ohun tó ń tan ènìyàn ni pé kọ̀ńdẹ́ńsà AC ló wà níwájú pátápátá, òun lojú ń rí. Ó lè mọ́ tónítóní, kí ìdọ̀tí wà láàárín òun àti rédíétọ̀, níbi tí ojú kò tó. Àwọn ọkọ̀ tó ń ná Òkèhò, Ìgànná, Ìwéré-Ilé títí lọ sí ìhà ẹnubodè, mo ti tú rédíétọ̀ lára wọn tí mo fi ọwọ́ kó koríko jáde láàárín yẹn, tí ẹni tó ni ọkọ̀ sì ti ra pọ́ǹpù tuntun, tó ti ra tẹ̀mọ̀sítáàtì tuntun. Mú tọ́ọ̀ṣì, yọjú wò ó láti òkè. Bí o bá rí koríko, jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá, kí wọ́n fi omi fọ̀ ọ́ láti apá ẹ́ńjìnnì jáde síwájú, kí ìdọ̀tí gba ibi tó bá wọlé jáde. Kí omi náà má le jù, torí irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹn a máa tẹ̀ mọ́ra.

O tún sọ nǹkan kan nínú ohùn rẹ tó dùn mí. O ní mẹkáníìkì náà rẹ́rìn-ín, ó ní ọ̀rọ̀ ọkọ̀ kì í yé obìnrin. Àbẹ̀kẹ́, ẹni tó kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ rin ìrìn àjò jíjìn láyé yìí, obìnrin ni. Bertha Benz ni orúkọ rẹ̀, aya Karl Benz ará Jámánì tó ṣe ọkọ̀ náà. Ní Oṣù Kẹjọ ọdún 1888, ó kó àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin méjì, Eugen àti Richard, ó gbé ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta yẹn láti Mannheim lọ sí Pforzheim, ó lé ní kìlómítà 100, kò sì sọ fún ọkọ rẹ̀ kó tó lọ. Kò sí ilé epo nígbà náà. Ṣọ́ọ̀bù olóògùn kan nílùú Wiesloch ló ti ra ohun tí ẹ́ńjìnnì á jó. Nígbà tí páìpù epo dí, píìnì fìlà rẹ̀ ló fi tú u. Omi ló sì wá dà wọ́n láàmú jù: ọkọ̀ yẹn kò ní irú rédíétọ̀ tí a mọ̀ lónìí, ṣe ni omi ń hó tó ń bá afẹ́fẹ́ lọ, wọ́n sì ní láti máa dúró bu omi sí i kiri ojú ọ̀nà. Ìgbà tó di nǹkan bí ọdún 12 lẹ́yìn náà ni Wilhelm Maybach ṣe rédíétọ̀ oníhò wẹ́wẹ́ sára ọkọ̀ Mercedes ti ọdún 1901, èyí tí tìrẹ náà jẹ́ àrọ́mọdọ́mọ rẹ̀. Obìnrin yìí wo ọkọ̀ rẹ̀, ó gbọ́ ohun tó ń sọ, ó sì dé ibi tó ń lọ. Mo rántí rẹ̀ nígbà tí mo gbọ́ ohùn rẹ, torí bí o ṣe ṣàlàyé ibi tí abẹ́rẹ́ ti gòkè àti ibi tó ti wálẹ̀, ọ̀pọ̀ awakọ̀ tó ti gba ìwé ọkọ̀ kí a tó bí ọ kò lè ṣe é.

Ká ní ohun tí o sọ fún mi ni pé lójú ọ̀nà Ìsẹ́yìn gan-an, níbi tí o ti ń sáré, ni ọkọ̀ ń gbóná, tó sì ń rọ̀ bí o bá dúró, lẹ́tà mìíràn ni ǹ bá kọ. Ìyẹn ni pé afẹ́fẹ́ pọ̀ tó, omi ni kò yí dáadáa. Inú rédíétọ̀ lè ti dí, abẹ̀bẹ̀ pọ́ǹpù omi lè ti jẹrà, bẹ́líìtì tó ń yí i lè máa yọ̀. Ohun tó sì ń dí rédíétọ̀ lọ́dọ̀ wa níhìn-ín ni omi tí a ń bù sí i. Láàárín àpáta ni omi kànga wa ti ń sun, ó dára ní mímu, ṣùgbọ́n èròjà ilẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ohun funfun tó ń lẹ̀ mọ́ ìdí kẹ́túlù ìyá rẹ, òun náà ló ń lẹ̀ mọ́ inú ẹ́ńjìnnì, ìpẹtà á sì bá a dàpọ̀. Kúláńtì ni kí o máa lò, kí o pò ó mọ́ omi tó mọ́ ní ìlàjì-ìlàjì. Àwọn kan ń sọ pé tìtorí yìnyín ilẹ̀ òyìnbó ni wọ́n ṣe ṣe kúláńtì, pé a kò nílò rẹ̀. A nílò rẹ̀. Oògùn ìpẹtà wà nínú rẹ̀, kì í sì í tètè hó bí omi lásán. Bí kò bá sí kúláńtì nítòsí, omi òjò tí a fi ohun tó mọ́ gbè sàn ju ti kànga lọ. Ṣùgbọ́n jọ̀wọ́, kúláńtì dùn lẹ́nu, májèlé sì ni. Ajá á lá a, ewúrẹ́ á mu ún, ọmọdé náà á mu ún. Má rọ ọ́ sínú ìgò mínírà láéláé, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ ti ń rìn kiri ilé báyìí, kò sí ohun tí kì í gbé sẹ́nu.

Ìdérí rédíétọ̀ kéré, ṣùgbọ́n má fojú kéré rẹ̀. Omi lásán ń hó ní 100. Ìdérí tí wọ́n kọ 1.1 sí lórí ń tẹ omi mọ́lẹ̀, kò ní jẹ́ kó hó títí yóò fi tó nǹkan bí 120, bí ìkòkò aláfẹ́fẹ́ tí ìyá rẹ fi ń se ẹ̀wà. Bí róbà abẹ́ rẹ̀ bá ti gbó, omi á máa tètè hó, á máa dà sínú ike ẹ̀gbẹ́, kò sì ní padà wọlé mọ́. Yẹ róbà náà wò láàárọ̀ kí o tó tan ọkọ̀, bó bá ti sán, ra òmíràn, kí nọ́mbà rẹ̀ bá ti àtijọ́ mu. Ìdí kan náà yìí ni o kò fi gbọdọ̀ ṣí i nígbà tí ọkọ̀ bá gbóná. Omi tó ti ju 100 lọ tí ìdérí dì mú, bí o bá ṣí i pẹ́nrẹ́n, ẹ̀ẹ̀kan náà ló máa hó, ojú àti àyà rẹ ló sì máa dà sí. Mo bẹ̀ ọ́, èyí nìkan, bí o bá gbàgbé gbogbo ìyókù, má gbàgbé rẹ̀.

Mi ò sọ pé gásíkẹ́ẹ̀tì kì í jó. Ó ń jó. Àlùmíníọ̀mù a máa wú tó ìlọ́po méjì irin nínú ooru, nítorí náà tọ́ọ̀pù sìlíńdà tó bá gbóná kọjá ààlà lè tẹ̀, gásíkẹ́ẹ̀tì tó wà lábẹ́ rẹ̀ á sì já. Ṣùgbọ́n ó ní àmì. Bí ẹ́ńjìnnì bá tutù, ṣí ìdérí, tan ọkọ̀, wo inú omi: bó bá ń yọ ìfófòó láìdáwọ́dúró, èéfín sìlíńdà ló ń wọnú omi. Fa igi òṣùwọ̀n ọ́ìlì jáde: bí ọ́ìlì bá ti funfun, omi ti wọ inú rẹ̀. Èéfín funfun tí kò tán lẹ́nu sàláńsà lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti móoru, omi tó ń dínkù tí kò sì sí ibi tó ń jò sí nílẹ̀, róbà òkè rédíétọ̀ tó le koránkorán kété tí o tan ọkọ̀ láàárọ̀: àwọn wọ̀nyí ni. O kò mẹ́nu ba ọ̀kankan nínú wọn. Padà lọ bá ọkùnrin náà, fi ọ̀wọ̀ bá a sọ̀rọ̀, sọ fún un pé, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó tú u, ẹ fi àmì tí ẹ rí hàn mí." Bó bá ní àmì lọ́wọ́, á fi hàn ọ́. Bó bá ń bínú, kí i, kí o sì gbé ọkọ̀ rẹ kúrò níbẹ̀.

Ní ti tẹ̀mọ̀sítáàtì, má jẹ́ kó yọ ọ́. Ẹnu ọ̀nà ni, tí kì í jẹ́ kí omi lọ sí rédíétọ̀ títí ẹ́ńjìnnì yóò fi móoru tó. Ìda kan wà nínú rẹ̀ tó ń yọ́, tó sì ń wú, òun ló ń tì í ṣí, lára Toyota púpọ̀ ní nǹkan bí 82. Bí wọ́n bá yọ ọ́, ẹ́ńjìnnì á máa ṣiṣẹ́ nínú òtútù, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á máa rò pé kò tíì móoru, á máa da epo sí i, owó epo rẹ á sì máa lé. Lára ẹ́ńjìnnì mìíràn pàápàá, yíyọ rẹ̀ á jẹ́ kí omi máa gba ọ̀nà àbùjá padà láìdé rédíétọ̀, ọkọ̀ á tún wá máa gbóná sí i. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Bó bá jẹ́ pé òun ni wọ́n fura sí, jẹ́ kí wọ́n tú u, gbé e lọ sílé, so ó mọ́ okùn, kí o rì í sínú omi lórí sítóòfù. Kó tó hó, ó gbọ́dọ̀ ti ṣí gbayawu. Bó bá ṣí, kò jẹ̀bi. Bí kò bá ṣí, ra tuntun, kí wọ́n fi tuntun síbẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ gééjì, tí àwọn ọ̀dọ́ awakọ̀ kì í mọ̀. Sẹ́ńsọ̀ tó ń darí abẹ́rẹ́ yẹn, inú omi ló ń gbé. Bí róbà kan bá bẹ́, tí omi dà nù pátápátá, sẹ́ńsọ̀ á máa wo afẹ́fẹ́ lásán, abẹ́rẹ́ sì lè ṣàdédé wálẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń jó lọ. Abẹ́rẹ́ tó gòkè tó wá já lulẹ̀ lójijì, má yọ̀ sí i. Kúrò lójú ọ̀nà, pa ọkọ̀ náà lójú ẹsẹ̀.

Bó bá gbóná sí ọ lọ́wọ́ láàárín Òkèhò àti ilé, níbi tí kò sí mẹkáníìkì, pa AC, ṣí wíńdò, tan hítà dé ibi tó gbóná jù. Á gbóná mọ́ ọ lára, mo mọ̀, ṣùgbọ́n hítà yẹn rédíétọ̀ kékeré ni, yóò gba díẹ̀ lára ooru ẹ́ńjìnnì. Bí abẹ́rẹ́ kò bá wálẹ̀, dúró, kí o pa á. Wá ibi tí ènìyàn wà, iwájú abúlé tàbí ibi tí wọ́n ti ń ta iṣu, má dúró sínú igbó. Dúró ó kéré tán ìdajì wákàtí, títí tí o ó fi lè gbọ́wọ́ lé róbà òkè láìjẹ́ pé ó ta ọ́. Kí o tó ṣí ìdérí, fi aṣọ nípọn bò ó, kí o yí i díẹ̀díẹ̀. Má da omi tútù lu ẹ́ńjìnnì tó gbóná lẹ́ẹ̀kan náà, irin lè sán. Díẹ̀díẹ̀ ni, kí ọkọ̀ wà ní títàn. Bí ilẹ̀ bá sì ti ń ṣú, fi ọkọ̀ náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó ṣeé fọkàn tán, gun ọ̀kadà wálé. A ó wá gbé e lọ́jọ́ kejì. Ọkọ̀ ni a lè rà, a kò lè ra ìwọ.

Ìyá rẹ ti di èlùbọ́ sílẹ̀ fún ọ, ó ní kí n má gbàgbé láti kọ ọ́. Bí o bá ti ṣe ìdánwò fáànù lọ́la, fi ohùn ránṣẹ́: ṣé ó yí tí o tan AC? Ṣé ó yí nígbà tí abẹ́rẹ́ gòkè? Bébà ńkọ́, ṣé ó fà á mọ́ra? Kí ni o rí láàárín kọ̀ńdẹ́ńsà àti rédíétọ̀? Bó bá jẹ́ mọ́tọ̀ fáànù ló kú, má rà á níbẹ̀. Ya fọ́tò nọ́mbà ara rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, mo mọ ẹni tó ń ta èyí tó dára n'Ìsẹ́yìn, èmi fúnra mi á pàdé rẹ níbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, a ó sì jọ fi sí i.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.